Owó Gbà-má-bìínú fún Òṣìṣẹ́ Ìjọba Tó Fara Pa Lẹ́nu Iṣẹ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ìjọba, mo kí yín. Kí n tó mẹ́nu ba òfin, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣojú mi ní ọ́fíìsì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Obìnrin kan tó ń tọ́jú fáìlì gun àkàbà láti mú ìwé lórí pẹpẹ òkè, àkàbà yẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún balẹ̀, egungun ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ sì ṣẹ́. Kí ọjọ́ tó kan àtàrí, bébà kan ti ń lọ láti tábìlì dé tábìlì: orúkọ lápá òsì, iye owó lápá ọ̀tún, 500 náírà, 1,000 náírà. A kó owó náà jọ, a gbé e lọ bá a nílé, a gbàdúrà fún un, a sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa, tèmi tìkára mi, tó kọ ìlà kan ránṣẹ́ sí àjọ tí òfin ní kó sanwó fún un. Nígbà tó fi máa gbọ́ pé irú owó bẹ́ẹ̀ wà, ó ti lé lọ́dún kan, wọ́n sì ti gbé ọ̀gá tó ṣojú rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí dòní.

Mo rò pé orúkọ tí a fún owó yìí wà lára ohun tó ń ṣì wá lọ́nà. Gbà-má-bìínú ni ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ fi ń tu ẹni tó ṣẹ̀ lójú, ẹni tí wọ́n sì ń bẹ a máa jókòó de ẹni tó ń bọ̀ wá bẹ̀ ẹ́. Òfin owó yìí (Employees' Compensation Act), tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, kò bá ti ẹ̀bẹ̀ wá, kò sì dìgbà tí a bá mọ ẹni tó jẹ̀bi. Àpò kan ló dá sílẹ̀ lọ́wọ́ àjọ NSITF (Nigeria Social Insurance Trust Fund), àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó náà, ó ní kí agbanisíṣẹ́ máa san, ó kéré tán, ìdá 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò náà, ó sì kà á léèwọ̀ láti yọ ọ́ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́. Ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ àti iléeṣẹ́ aládàáni ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ológun nìkan ni kò kàn, àyàfi òṣìṣẹ́ alágbádá tó wà láàárín wọn.

Ohun tí òfin náà bò gbòòrò ju bí ọ̀pọ̀ wa ti rò lọ. Àìsàn tí iṣẹ́ fà wà níbẹ̀, ìdààmú ọkàn tó ti ibi iṣẹ́ wá sì wà níbẹ̀. Bákan náà ni ìjàǹbá tó bá òṣìṣẹ́ lójú ọ̀nà láàárín ilé rẹ̀ àti ibi iṣẹ́. Ẹ ro ti olùkọ́ tó ń gun ọ̀kadà lójoojúmọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nínú oko: bí ọ̀kadà bá gbé e ṣubú láàárọ̀, ẹnu iṣẹ́ ló wà lójú òfin yìí. Ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ títí láé lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdá 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, tó fi opó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá 90 náà ni wọ́n yóò máa gbà lóṣooṣù, àwọn ọmọ yóò sì máa jẹ nínú rẹ̀ títí wọn yóò fi pé ọdún 21 tàbí parí ẹ̀kọ́ oyè àkọ́kọ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé.

Ọjọ́ ló máa ń gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ wa. Láàárín ọjọ́ 14, ẹni tó fara pa, tàbí ẹbí òkú, gbọ́dọ̀ fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí: orúkọ, àkókò, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, irú ìpalára àti ohun tó fà á. Ẹni tí kò bá sọ lè pàdánù owó náà, àyàfi bí àjọ bá rí i pé agbanisíṣẹ́ mọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi ìròyìn tirẹ̀ ránṣẹ́ sí àjọ náà. Fọ́ọ̀mù ìbéèrè fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé kí ọdún kan tó pé.

Gbogbo ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ ló ń san ìdá 1 yẹn déédéé. Mo rọ ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pé kí ẹ máa bèèrè rísíìtì rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń bèèrè owó oṣù, torí pé ẹni tó ti fara pa kò lágbára láti máa wá a kiri.

Bí àjọ bá kọ ìbéèrè yín, ọjọ́ 180 wà láti pe ìpinnu náà níjà níwájú ìgbìmọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé ẹjọ́ orílẹ̀-èdè tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Ibẹ̀ ni lẹ́tà ọjọ́ àkọ́kọ́, èyí tí ẹ fi tó ọ̀gá yín létí, yóò ti wúlò. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí ẹni tó gbà á buwọ́ lu tọwọ́ yín, kó kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì gbé e sílé, kì í ṣe sínú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì.