Eégbọn ara ajá, eégbọn ara ògiri: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ẹni tó fẹ́ mú ajá ìgboro wọlé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àwọn tó fẹ́ràn ajá ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Ẹni tó kórìíra ajá kò ní ra oògùn fún un, kò sì ní rí oògùn ṣì lò. Àwa tí àánú wọn ń ṣe ni a máa ń rí ajá kan tó rù kan eegun lẹ́bàá ọjà, tí a ó gbé e wálé lálẹ́, tí a ó fi oògùn kòkòrò wẹ̀ ẹ́, tí a ó gún un ní abẹ́rẹ́ màlúù, tí a ó wá gbé abọ́ ìrẹsì ràgàjì síwájú rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ajá ti kú. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, owó náà sì wà níbẹ̀. Ètò ni kò sí.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi eégbọn bẹ̀rẹ̀. Èyí tó gba ilé ajá kan ní ilẹ̀ Yorùbá ni eégbọn pupa rúsúrúsú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Rhipicephalus sanguineus. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń mu ẹ̀jẹ̀ láyé rẹ̀: nígbà tó ṣì rí bíńtín bí hóró iyanrìn, tó ní ẹsẹ̀ 6, nígbà tó dàgbà díẹ̀, tó ti di ẹlẹ́sẹ̀ 8, àti nígbà tó gbó tán. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, á já bọ́ lára ajá, á wá ojú ògiri tó là tàbí àlàfo pákó, á sì bọ́ awọ níbẹ̀. Abo tó mu àmuyó, èyí tó máa ń wú tí àwọ̀ rẹ̀ á dà bí eérú, lè yé ẹyin tó tó 4,000 kó tó kú. Ara ògiri ló ń yé e sí. Nínú ooru tiwa yìí, láti ìgbà tí ẹyin bá pa títí tí àwọn ọmọ náà á fi máa yé tiwọn lè má ju oṣù 2 sí 3 lọ. Èyí tó ti gbó lè gbààwẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó máa retí kí ajá kọjá.

Ẹ wá rò ó wò. Bí ẹ bá ṣa eégbọn 20 lára ajá yín láàárọ̀, àwọn tó kù lára ògiri pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wẹ̀ ajá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣe máa ń sọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 pé oògùn náà kò dára. Oògùn lè dára. Àwọn mìíràn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti ara ògiri.

Nítorí náà, ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ kó àkísà tí ajá ń sùn lé síta, kí ẹ sun ún. Ọ̀pọ̀ ilé ajá tí àwọn jórinjórin ń ṣe fún wa jẹ́ irin tí wọ́n tẹ́ pákó sí nísàlẹ̀, àárín pákó sí pákó yẹn sì ni eégbọn fẹ́ràn jù. Ẹ yọ pákó náà, kí ẹ fi símẹ́ńtì dídán ṣe ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi símẹ́ńtì dí ojú ògiri tó là, láti ilẹ̀ títí dé àjà, torí eégbọn yìí máa ń gun òkè ni. Ẹni tó ń gé koríko àgbàlá nìkan kò tíì dé ilé rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fín oògùn bíi cypermethrin, ìwọ̀n tó wà lára ìgò ni kí ẹ lò, kí ajá, adìẹ àti ológbò jáde títí ilẹ̀ á fi gbẹ, kí ẹ sì tún un fín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2. Oògùn kì í sábà pa ẹyin, àwọn tó bá pa lẹ́yìn rẹ̀ lẹ ń dúró dè.

Tí ẹ bá dé ara ajá fúnra rẹ̀, ẹ wo inú etí, abẹ́ ọrùn níbi tí okùn wà, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, abẹ́ ìrù àti abẹ́ itan. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré, irú èyí tí wọ́n fi ń tu irun ojú, di eégbọn mú níbi tó ti wọ awọ gan-an, kí ẹ fà á tààrà, díẹ̀díẹ̀, láìlọ́ ọ. Ẹ sọ ọ́ sínú ike tó ní sípíríìtì. Ẹ má fi èékánná tẹ̀ ẹ́ pa, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lè gbé àrùn. Ẹ má fi ìṣáná jó o, ẹ má sì da kẹrosíìnì lé e lórí: ó lè bì sínú ojú egbò, ẹ ó sì ti jó ajá lára. Ẹ máa yẹ ajá wò lójoojúmọ́. Àrùn Babesia, tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ ajá, sábà máa ń gba ọjọ́ bíi 2 kó tó ti ẹnu eégbọn wọ ara ajá, ti Ehrlichia, àrùn ẹ̀jẹ̀ mìíràn, kò sì ju wákàtí mélòó kan lọ. Ṣíṣà nìkan kò lè tó.

Oògùn wo ni ká wá lò? Àwọn oníhóró tí ajá ń jẹ ni a fọwọ́ sí jù lóde òní. Afoxolaner ń ṣiṣẹ́ fún oṣù 1, fluralaner fún ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ fún ajá pẹ̀lú oúnjẹ, kò sì yẹ kí ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8 tàbí tí kò tó kílò 2 jẹ ẹ́. Ajá tó bá ní wárápá, dókítà ẹranko ni kó pinnu bóyá ó lè lò ó. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé eégbọn gbọ́dọ̀ gé ajá jẹ kí oògùn yìí tó pa á. Ẹ ó ṣì máa rí eégbọn lára ajá fún ìgbà díẹ̀, ẹ má bínú. Ajá yín ti di tàkúté: gbogbo eégbọn tó bá ti ara ògiri sọ̀ kalẹ̀ wá mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á kú kó tó yé ẹyin. Bí ẹ kò bá jẹ́ kí oògùn já fún ọ̀pọ̀ oṣù, ògiri náà á mọ́.

Bí agbára kò bá gbé hóró, amitraz, oògùn olómi tí a fi ń wẹ ajá, wà. Èyí tó jẹ́ 12.5%, mílílítà 2 sínú omi lítà 1 ni, kí ẹ pò ó lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má fi èyí tó ṣẹ́kù pamọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ sí ajá lára, ẹ má jẹ́ kó lá ara rẹ̀. Kì í ṣe fún ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù 4. Kì í ṣe fún ológbò rárá, gẹ́gẹ́ bí permethrin tí à ń tò sẹ́yìn ajá kò ṣe jẹ́ fún ológbò: ó ń pa wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ́kun fífi ọ̀tàpíàpíà wẹ ajá. Awọ ajá ń fà á mu. Itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, ẹyinjú dúdú á kéré bí orí abẹ́rẹ́, ara á máa gbọ̀n, mímí á sì le fún un. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ ìfọbọ́ wẹ̀ ẹ́ kíákíá, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà fún abẹ́rẹ́ atropine. Ẹ má ṣe rọ epo pupa sí i lọ́fun, ẹ̀dọ̀fóró ló lè gbà lọ. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì àlòkù tí wọ́n ń fi pa èkúrú náà kò yàtọ̀. Májèlé ni, ajá ń lá a, èkúrú kò sì lọ.

Abẹ́rẹ́ ivermectin ti màlúù ló máa ń dùn wá jù, torí ìṣirò kékeré ló ń ba nǹkan jẹ́. Mílílítà 1 oògùn 1% ní mílígíráàmù 10 nínú. Mílílítà 1 náà ni wọ́n ṣe fún màlúù tó wọn kílò 50. Ẹnì kan á wá fa mílílítà 1 fún ajá kílò 12: ó ti fún un ní ìlọ́po mẹ́rin ohun tó yẹ kílò kọ̀ọ̀kan ara màlúù. Àwọn ajá kan wà, ìran Collie ló pọ̀ jù nínú wọn, tí ọpọlọ wọn kò lè dènà oògùn yìí. Ìwọ̀n tí kò ṣe ajá mìíràn ní nǹkan lè dá wọn dùbúlẹ̀. Wọ́n á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ojú á fọ́, wọ́n á sùn lọ. Kò sí oògùn tó ń lé e jáde. Pẹ̀lú gbogbo ewu yìí, kò tilẹ̀ tó gbẹ́kẹ̀ lé fún eégbọn.

Ẹ máa wo èrìgì ajá yín nígbà tí ara rẹ̀ dá, kí ẹ lè mọ ìgbà tó bá yí padà. Èrìgì tó dára pupa fẹ́ẹ́rẹ́; bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ tí ẹ sì gbé ìka kúrò, àwọ̀ rẹ̀ á padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. Bí ó bá funfun bí bébà tàbí pọ́n bí ìyeyè, tí ìtọ̀ dúdú bí kọfí, tí ara gbóná kọjá 39.5°C, ẹ fura sí Babesia. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde nímú, ó lè jẹ́ Ehrlichia, ìyẹn sì ń gba doxycycline fún nǹkan bí ọjọ́ 28. Ọ̀pọ̀ ajá máa ń ta kébékébé ní ọjọ́ 5, olówó wọn á dá oògùn dúró, àrùn á sì padà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó gún abẹ́rẹ́. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn, ti FUNAAB (yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀) ní Abẹ́òkúta àti ti ìjọba ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn, wà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti aràn, ọmọ ajá tí a bí lónìí lè ti gbé aràn wáyé. Àwọn ọmọ aràn tó sá pamọ́ sínú ẹran ara ìyá máa ń jí nígbà tí oyún bá ti gbó, wọ́n á wọ inú ọlẹ̀. Àwọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun sì ń gba inú ọmú wọlé. Ọmọ ajá tí ikùn rẹ̀ rí roboto kì í ṣe pé ó yó. Ẹ fún un ní pyrantel ní ọ̀sẹ̀ 2, 4, 6 àti 8, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí á fi pé oṣù 6, lẹ́yìn ìyẹn ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ìyá wọn náà, lọ́jọ́ kan náà. Ìdí tí a fi ń tún un fún un ni pé èyí tó wà nínú ìfun nìkan ni oògùn ń pa. Àwọn tó ṣì ń rìn nínú ara á dé bá wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ wọn ajá kí ẹ tó fún un lóògùn. Ẹ gbé e, kí ẹ gun òṣùwọ̀n. Ẹ sọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá jẹ́ 80 àti 68, kílò 12 ni ajá. Oògùn aràn fenbendazole jẹ́ mílígíráàmù 50 fún kílò kan: 600 lóòjọ́ fún ọjọ́ 3, ìyẹn mílílítà 6 nínú olómi 10%. Ẹ má fún un ní albendazole tí ẹ rà fún ọmọ yín, ó lè ba ibi tí ara ajá ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá rí ohun tó jọ hóró ìrẹsì tó ń yí nídìí ajá, aràn pẹlẹbẹ nìyẹn. Praziquantel ló ń pa á, ṣùgbọ́n kòkòrò kékeré tó ń fò nínú irun rẹ̀ ló gbé e wá, bí ẹ kò bá pa ìyẹn náà, kí oṣù tó parí aràn ti padà.

Ẹ máa kó ìgbẹ́ ajá lójoojúmọ́. Ẹyin aràn Toxocara nílò ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 2 nínú ilẹ̀ kó tó lè ran ẹnikẹ́ni, tó bá sì ti ràn mọ́ ilẹ̀, ó lè lo ọdún púpọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọdé tó ń fi ọwọ́ tó dọ̀tí jẹun ló ń gbé e mì, ó sì lè dé ojú wọn.

Wàyí o, ajá ìgboro tí ẹ fẹ́ gbà tọ́. Ekuke wa ni yóò jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, a kò sì mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń fojú tẹ́ ẹ nítorí ajá òyìnbó; ooru wa kò ṣàjèjì sí i. Ẹ kọ́kọ́ bi àdúgbò léèrè bóyá ó ní olówó. Ẹ ní yàrá tàbí igun kan tí yóò dá gbé fún ọjọ́ 14, jìnnà sí ajá ilé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omi àti oúnjẹ kékeré: ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó yẹ kó jẹ, kí ẹ pín in sọ́nà 4 tàbí 5. Ebi tó pa á pẹ́ ti sọ ara rẹ̀ di ẹlẹgẹ́. Oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè da iyọ̀ ara rú, kí ọkàn sì dúró. Ìrẹsì rírọ̀, ẹyin sísè, ẹja tí kò ní eegun dára. Ọbẹ̀ tó ní àlùbọ́sà kò dára, ó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹ má wẹ̀ ẹ́ bí kò bá lágbára. Ẹ ṣa eégbọn, ẹ wo èrìgì. Bó bá funfun, ilé ìwòsàn ló kàn, kí oògùn mìíràn tó wọ ara rẹ̀.

Ẹ wo ojú ara rẹ̀, akọ tàbí abo. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kán níbẹ̀, pẹ̀lú ẹran tó rú bí ewé káábéèjì, jẹ́ jẹjẹrẹ tí ajá ń kó fún ara wọn nígbà gígùn. Ó wọ́pọ̀ lára ajá ìgboro, ó sì ń gbọ́ oògùn: vincristine lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ọwọ́ dókítà. Ẹ má pa ajá torí ìyẹn.

Bí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, tí kò ní ibà, ó lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ti dìgbòlugi bó bá ti pé oṣù 3, pẹ̀lú ti parvo (àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀), tí ọmọ ajá ń gbà léraléra láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 títí dé ọ̀sẹ̀ 16. Bí ó bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹni náà lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má pa ajá, ẹ so ó mọ́lẹ̀ kí ẹ máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Dìgbòlugi lè pẹ́ nínú ara kó tó yọjú. Ọjọ́ 14 tó fi dá gbé kò fi hàn pé kò ní in.

Ẹ sọ ọ́ lórúkọ kúkúrú láti ọjọ́ kìíní, kí ẹ máa fi orúkọ náà pè é sídìí abọ́. Àwọn bàbá wa máa ń fi òwe sọ ajá lórúkọ kí aládùúgbò lè gbọ́. Èyí náà dára, bí ajá bá lè dá a mọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 14, ẹ lọ kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà: oògùn eégbọn ní ọ̀sẹ̀ 12 (oṣù 1 bó bá jẹ́ afoxolaner), aràn ní oṣù 3, dìgbòlugi ní ọdún kan. Kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn fún un láti bá àwọn tó kù nílé, ẹ tún ògiri yẹ̀ wò.