Natsamrat: ẹ má kàn pariwo "ọmọ burúkú" kẹ́ ẹ sì kọjá

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Fíìmù tòní, mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo sunkún. Natsamrat ni. Èdè Marathi ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe Hindi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pè é ní Bollywood fún mi, èdè àwọn ará Maharashtra ní Íńdíà, níbi tí Mumbai wà ni, àwọn tó ń sọ ọ́ lé ní mílíọ̀nù 80. Orúkọ yẹn túmọ̀ sí ọba ńlá láàárín àwọn òṣèré.

Orí ìtàgé ló ti bẹ̀rẹ̀. V. V. Shirwadkar, akéwì tí wọ́n tún ń pè ní Kusumagraj, ló kọ ọ́, 1970 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, Shriram Lagoo, dókítà tó fi iṣẹ́ ìṣègùn sílẹ̀ nítorí tíátà, ló ṣe bàbá tí ìtàn náà dá lé. Ní 2016, Mahesh Manjrekar gbé fíìmù ẹ̀ jáde, Nana Patekar sì ni bàbá.

Ìtàn náà ò lọ́jú pọ̀. Ganpatrao Belwalkar, àgbà òṣèré tó ti fi Marathi ṣe Hamlet, tó ti ṣe Othello, fẹ̀yìn tì. Ó kó ilé fún ọmọkùnrin ẹ̀, ó kó owó fún ọmọbìnrin ẹ̀, òun àti Kaveri ìyàwó ẹ̀ wá ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ kan owó sọnù nílé ọmọbìnrin, wọ́n fẹ̀sùn olè kan bàbá. Tọkọtìyàwó gbéra lóru.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa ń ṣì í wò nìyí o! Gbogbo èèyàn á ní "ọmọ burúkú, ọmọ burúkú", wọ́n á tún fi kún un pé ṣebí King Lear, eré Shakespeare nípa ọba tó pín ilẹ̀ fáwọn ọmọ ẹ̀, ni. Rárá! Lóòótọ́ Shirwadkar wo Lear kó tó kọ ọ́, àmọ́ Lear ní káwọn ọmọbìnrin òun wá sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn òun tó kó tó pín nǹkan. Belwalkar ò bi ẹnì kankan ní nǹkan kan. Ìfẹ́ ló fi kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn Marathi ní ọ̀rọ̀ kan, pé o lè fi àwo oúnjẹ iwájú ẹ tọrẹ, má fi àpótí tó o jókòó lé tọrẹ. Bàbá yìí fi àpótí tọrẹ.

Ẹ wá gbọ́, kó wọ̀ yín létí dáadáa: BÀBÁ YÌÍ Ò FÌGBÀ KANKAN SỌ̀ KALẸ̀ LÓRÍ ÌTÀGÉ. Kò sọ̀ kalẹ̀! Ó ti fẹ̀yìn tì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn tó fi ń bá ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá sọ̀rọ̀ náà ló fi ń bèèrè omi nínú pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan rí bẹ́ẹ̀, tíṣà ni wọ́n, ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì wọ́n ṣì ń pe orúkọ wa bíi ti régísítà nígbà tá a bá fẹ́ jẹun, a máa ń rẹ́rìn-ín, àfìgbà tí mo wo fíìmù yìí ni mo mọ̀ pé ilé ti há mọ́ wọn, a ò mọ̀ ni.

Ohun tó mú kó ṣeé gbé sínú fíìmù náà nìyẹn. Eré ìtàgé tí wọ́n bá sọ di fíìmù sábà máa ń bà jẹ́, torí kámẹ́rà ti sún mọ́ èèyàn jù, ariwo á wá dà bí irọ́. Ti Nana Patekar ò dà bí irọ́, torí ariwo yẹn gan-an ni ẹni tí bàbá náà jẹ́! Ẹ wo ibi tí Rambhau ọ̀rẹ́ ẹ̀ (Vikram Gokhale ló ṣe é) wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí àgbà òṣèré méjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré fún ara wọn. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá wá dé ibi tí Belwalkar ti ń tọrọ ilé, tó ń pe ara ẹ̀ ní ìjì, tó ń bèèrè ẹni tó lè fún ìjì nílé, Kaveri ò sí mọ́ nígbà yẹn. Ẹ má wo ọwọ́ tó ń jù. Ẹ fetí sí bó ṣe ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń retí kí ìyàwó ẹ̀ dáhùn.