Àdúrà Òwúrọ̀ fún Ọmọ Wa Tó Ń Gun Òkè Yìnyín Lọ́jọ́ Afẹ́fẹ́

Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27:9–26

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa n'Íbàdàn, láti Mọ́níyà títí dé Olúyọ̀lé. Ọ̀rọ̀ òní wà fún ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gbé ní Calgary, ní Kánádà, tí ẹ sì gbọ́ pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi síkì, pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti rìn lórí yìnyín, gun òkè bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́dọ̀ wọn. Nígbà òtútù, bí aago mẹ́fà òwúrọ̀ bá lù níbí, aago mẹ́wàá alẹ́ àná ni lọ́hùn-ún. Ìgbà tí wọ́n ń di ẹrù gan-an lẹ wà lórí eékún yìí. Ẹ má wulẹ̀ ní “Olúwa, ṣọ́ ọ” kí ẹ sì dìde. Ẹ mọ ohun tí ẹ ń tọrọ.

Kí ọkọ̀ tó ṣí ní Kírétè ni Pọ́ọ̀lù ti sọ pé ewu ń bẹ níwájú. Balógun ọ̀rún gba ti atukọ̀ àti ti ọlọ́kọ̀ gbọ́ ju tirẹ̀ lọ, àwọn tó pọ̀ jù sì ní kí wọ́n máa lọ. Ẹ wo ẹsẹ 13: afẹ́fẹ́ gúúsù ń fẹ́ jẹ́jẹ́, wọ́n rò pé ọwọ́ ti tẹ ohun tí wọ́n ń wá. Kò pẹ́ tí ìjì fi dé.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí òkè: ọjọ́ tí yìnyín ń bọ́ nìkan kọ́ ni ọjọ́ ewu. Ojú ọ̀run lè mọ́ kedere, kí oòrùn máa ràn, kí afẹ́fẹ́ sì máa kó yìnyín jọ síbi tí ojú ò tó. Ẹni tó bá ti rí bí ọyẹ́ ṣe ń gbá eruku láti ìta gbangba lọ kó jọ sẹ́yìn ògiri yóò mọ ohun tí à ń sọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ìwọ̀-oòrùn fẹ́, ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí ìlà-oòrùn ló ń kó o sí, ó sì lè kó jọ níbẹ̀ ní ìlọ́po 10 bó ṣe ń bọ́ láti ojú ọ̀run. Afẹ́fẹ́ á lọ̀ ọ́ kúnná, á kì í mọ́lẹ̀ di ìpele líle kan. Bí èyí bá jókòó lórí yìnyín tí kò dìmú, tí ìdagun òkè náà, ibi tó dà gẹ̀rẹ̀ wálẹ̀, sì tó dígírì 30 sí 45, ìwúwo ẹnì kan ṣoṣo tó láti já a. Gbogbo rẹ̀ á sì ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ń ṣe àmì kó tó já. Yìnyín á dún bí ohun tó ṣófo nínú, tàbí kó rì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ kó sì ṣe “wùùf”, tàbí kó sán láti ẹnu síkì lọ síwájú. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí, kó má dúró de ìran mìíràn. Kí wọ́n kúrò lórí ìdagun náà.

Èyí tó ká wa lára jù ni ti ẹgbẹ́. Ọmọ tí a tọ́ nílé Yorùbá, tí a kọ́ pé kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà, lè rí àmì yìí kó sì dákẹ́, pàápàá bó bá jẹ́ òun ni ẹni tuntun láàárín wọn. Ẹ pè é kó tó sùn. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin òbí rẹ̀ lẹ ní kó sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan péré bá ní “ẹ jẹ́ ká padà”, kí gbogbo wọn padà láìjiyàn. Kí wọ́n ti fẹnu kò lórí èyí kí wọ́n tó kúrò nídìí mọ́tò. Kí wọ́n fẹnu kò lórí àmì ọwọ́ pẹ̀lú, nítorí afẹ́fẹ́ ń gbé ohùn lọ. Bí wọ́n bá dé ìdagun, ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kó máa kọjá, kí àwọn yòókù dúró síbi tí ewu ò dé, kí ojú wọn má kúrò lára rẹ̀.

Ẹ bi í bóyá ó ti ka ìkéde Avalanche Canada, àjọ tó ń kìlọ̀ nípa ewu yìnyín tó ń ya lulẹ̀ lórí òkè. Láti 1 dé 5 ni wọ́n ń díwọ̀n ewu. Ẹ má fojú ìlàjì wo 3 o, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ń bá a lọ. Ẹ bi í nípa beacon, ẹ̀rọ kékeré tí ń ta àmì kí wọ́n lè wá ẹni tí yìnyín bò: ara ni kó wà, kì í ṣe inú àpò ẹ̀yìn, kí wọ́n sì dán ti olúkúlùkù wò kí wọ́n tó gbéra. Fóònù ń da àmì rẹ̀ rú, nítorí náà kó fi sẹ̀ǹtímítà 20 jìnnà sí i. Bí wọ́n bá ń wá ènìyàn, kó tó 50. Kí kálukú ní ṣọ́bìrì onírin tirẹ̀ àti ọ̀pá gígùn tí a fi ń gún yìnyín wò. Láàárín ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ẹni tí a bá hú jáde ló ń yè; lẹ́yìn rẹ̀, ìrètí ń já wálẹ̀ kíákíá. Kò sí olùrànlọ́wọ́ tí yóò ti ìlú dé láàárín ìṣẹ́jú 10. Àwọn tó bá a lọ náà ni yóò hú u.

Òtútù dígírì 10 sísàlẹ̀ òdo, bí afẹ́fẹ́ bá ń sáré kìlómítà 40 ní wákàtí kan, bíi 21 sísàlẹ̀ òdo ló ń rí lára. Kí wọ́n máa wo imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn. Ibi tó bá funfun, kí wọ́n bò ó kíá.

Àwọn kan á bi wá pé kí ló gbé ọmọ Ìbàdàn dé orí òkè yìnyín. Ẹni tó dá Òkè Màpó ló dá òkè Rockies, ayọ̀ tí ọmọ yín ń rí níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Olúwa, ẹni 276 ló wà nínú ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù, O ò jẹ́ kí ọ̀kan ṣòfò. Ka àwọn ọmọ wa lónìí, kí iye tó lọ jẹ́ iye tó máa bọ̀.

Olúwa, la ojú wọn sí ibi tí afẹ́fẹ́ kó yìnyín sí. La ẹnu ọmọ wa, kí ìtìjú má dì í.

Fún ẹni tó ń ṣíwájú wọn ní etí tó ń gbọ́. Má jẹ́ kí owó tí wọ́n ná àti ọ̀nà jíjìn tí wọ́n rìn tì í kọjá ibi tó yẹ kó ti padà.

Bí yìnyín bá bo ẹnikẹ́ni, Bàbá, jẹ́ kí ọ̀pá tètè kàn án, kí èémí rẹ̀ má pin kí ọwọ́ tó bà á.

Bùkún àwọn tó ń wọn yìnyín tí wọ́n sì ń kọ ìkéde, àti àwọn tó ń jáde lọ wá ẹni tó sọnù sórí òkè. Dá àwọn náà padà sílé. Ní orúkọ Jésù. Àmín.