Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀: Ẹni Tó Bá Ní Ìbéèrè, Ẹ Jẹ́ Kó Béèrè

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sọ̀hábà rẹ̀ pátápátá. Ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù ní Abẹ́òkúta àti níbikíbi tí ẹ bá ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kú Jímọ̀ òní.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ lórí mínbárì. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn Mùsùlùmí kan ní Íjíbítì, ní Sudan, ní Pakistan, ní Tunisia, àti láàárín àwọn tó ń gbé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ti ń pè fún àtúnyẹ̀wò àwọn ìdájọ́ kan tí àwọn onímọ̀ àtijọ́ fi sílẹ̀: lórí ẹ̀tọ́ obìnrin, lórí ìjọba àti ẹ̀sìn, lórí ẹni tó bá fi ẹ̀sìn sílẹ̀, àti lórí bóyá Mùsùlùmí lè sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láìbẹ̀rù pé wọn yóò gbé ọwọ́ sókè sí òun. Àwọn ọmọ wa ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọmọ tó jókòó sí Aṣẹ́rò tàbí Adátán pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ ń gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ní Káírò kí Lèmọ́mù ràtíbì àdúgbò rẹ̀ tó gbọ́. Ohun tí àwa ń fi dá a lóhùn ni ó ń kọ mí lóminú. Àwọn kan nínú àwa àáfà á pariwo pé kèfèrí ni gbogbo wọn. Àwọn yòókù á dákẹ́, wọ́n á tún padà sórí ọ̀rọ̀ àlùwàlá. Lójú tèmi, kò sí èyí tó bá Súnnà mu nínú méjèèjì. Ẹni tó ń pè fún àtúnṣe, yálà ó tọ̀nà tàbí ó ṣìnà, ẹ̀rí ni ó yẹ kí a fi dá a lóhùn.

Ẹ ṣí Al-Kùránì yín sí Súrà kejìdínlọ́gọ́ta, Súrà Al-Mujadilah. Khawlah ọmọ Tha'labah ni obìnrin tí Súrà náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Aws ọmọ as-Samit, bínú sí i lọ́jọ́ kan, ó sì wí fún un pé bí ẹ̀yìn ìyá òun ni ó rí sí òun, ọ̀rọ̀ tí àwọn Lárúbáwá ayé àìmọ̀kan fi ń kọ aya wọn sílẹ̀ láì tú u sílẹ̀ kí ó lè fẹ́ ẹlòmíràn. Khawlah gba ọ̀dọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun lọ. Kò tíì sí ìdájọ́ kankan tó sọ̀ kalẹ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, Ànábì kò sì fi èyí pa mọ́ fún un. Khawlah kò dìde. Ó ní lọ́dọ̀ ọkùnrin yìí ni òun ti lo ìgbà èwe òun, òun ti bímọ fún un, òun sì ti dàgbà tán kí ó tó wí bẹ́ẹ̀ sí òun. Ó ń tún ẹjọ́ rẹ̀ rò, ó ń ké sí Ọlọ́hun, títí tí àáyà fi sọ̀ kalẹ̀ pé dájúdájú Ọlọ́hun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń bá ọ jiyàn nípa ọkọ rẹ̀. Ìyá wa Aisha wà nínú iyàrá náà. Ó ní òmíràn nínú ọ̀rọ̀ Khawlah kò dé etí òun tí òun wà nítòsí, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun gbọ́ ọ. Ẹ fara balẹ̀ wo ìtàn yìí. Ànábì fúnra rẹ̀ ni obìnrin náà ń bá jiyàn, kì í ṣe Lèmọ́mù, kì í ṣe ààrẹ ẹgbẹ́. Ànábì kò lé e jáde, Ọlọ́hun kò bá a wí, àṣà tí wọ́n fi ń fìyà jẹ obìnrin ni Ọlọ́hun yí padà. Wọ́n sì gbà á wá pé nígbà tí Umar di Kálífà, Khawlah dá a dúró lójú ọ̀nà, ó ń gbà á níyànjú, Umar sì dúró gbọ́ ọ tán nígbà tí àwọn tó tẹ̀lé e ti ń kánjú.

Àwa tí a ń tẹ̀lé ọ̀nà Ìmáàmù Malik nílẹ̀ Yorùbá, a máa ń gbàgbé irú ènìyàn tí Malik jẹ́. Kálífà fẹ́ sọ ìwé rẹ̀, Al-Muwatta, di òfin kan ṣoṣo fún gbogbo Mùsùlùmí. Onímọ̀ wo ni kò ní dùn mọ́? Malik kọ̀. Ó ní àwọn Sọ̀hábà ti fọ́n ká sí ìlú púpọ̀, ìmọ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ oníkálukú wọn, kí Kálífà fi àwọn ènìyàn sílẹ̀ lórí ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ wọn. Ọkùnrin yìí kan náà ni àwọn arìnrìn-àjò máa ń gbé ìbéèrè wá bá láti ọ̀nà jíjìn, tí yóò sì dáhùn púpọ̀ nínú rẹ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Lónìí, àáfà tó bá sọ pé òun kò mọ̀ nílùú yìí, àfàìmọ̀ ni kí wọ́n má gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí àwọn tó ń pe ara wọn ní olùfi-òye-gbé-ẹ̀sìn má rò pé ọwọ́ ti àwọn mọ́ látilẹ̀wá. Ní ọdún 833, Kálífà al-Ma'mun, tó gba èrò àwọn Mu'tazila, ìyẹn àwọn onímọ̀ tó ń fi òye gbé ẹ̀sìn láyé ìgbà náà, pàṣẹ pé kí wọ́n dán àwọn adájọ́ àti àwọn onímọ̀ wò bóyá wọn yóò gbà pé ẹ̀dá ni Al-Kùránì. Ọ̀pọ̀ gbà nítorí ìbẹ̀rù. Ahmad bin Hanbal, àgbà onímọ̀ Hádíìsì, kò gbà. Wọ́n fi í sẹ́wọ̀n, wọ́n sì nà án ní pàṣán lábẹ́ al-Mu'tasim, Kálífà tó jẹ lẹ́yìn al-Ma'mun. Ohun tí ó ń sọ fún wọn kò ju pé kí wọ́n mú nǹkan wá fún òun láti inú Tírà Ọlọ́hun tàbí Súnnà Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Mo ń mẹ́nu kàn án nítorí pé ọ̀pọ̀ alátùn-únṣe òde òní ló ń yin àwọn Mu'tazila bí ẹni pé wọn kò fi pàṣán kan ẹnikẹ́ni rí.

Ní ayé tiwa, ẹ wo Mahmoud Mohammed Taha ti Sudan. Ó ń kọ́ni pé ìṣípayá Mẹ́kà ni ó wà fún gbogbo ìgbà, pé àwọn òfin tó sọ̀ ní Mẹ̀dínà wà fún ìgbà tiwọn. Èmi kò gbà á, nítorí ó ń ya Al-Kùránì sí méjì ní ibi tí Ẹni tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kò ti yà á. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 1985, ìjọba Ààrẹ Nimeiri so ó kọ́ ní Khartoum, bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà Nimeiri kúrò lórí oyè. Ní ọdún 1986, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Sudan wọ́gi lé ìdájọ́ náà. Èrò Taha sì wà nílẹ̀ títí dòní, àwọn ènìyàn ń kà á. Okùn kò dáhùn àáyà kan ṣoṣo. Ní Íjíbítì, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Nasr Hamid Abu Zayd kọ̀wé lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa túmọ̀ Al-Kùránì; ní ọdún 1995, ilé ẹjọ́ ní Káírò pè é ní ẹni tó ti jáde kúrò nínú Ìsìláàmù, wọ́n sì tú ìgbéyàwó òun àti ìyàwó rẹ̀ ká láìjẹ́ pé ìkankan nínú tọkọtaya náà bẹ̀ wọ́n. Àwọn méjèèjì sá lọ sí Holland. Nílé wa níbí, ní Sókótó, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, àwọn jàǹdùkú pa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí wọ́n sì sun ún, wọ́n ní ó sọ ọ̀rọ̀ àrífín sí Ànábì nínú ohùn tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọmọbìnrin náà kò dé iwájú adájọ́ kankan kí wọ́n tó pa á. Ibo ni wọ́n ti rí ìyẹn nínú ọ̀nà Malik?

Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ ní ìtàn nínú ọ̀rọ̀ àtúnṣe. Níbí ni Sheikh Adam Abdullah al-Ilori ti dá Markaz, ilé kéú rẹ̀, sílẹ̀ ní ọdún 1952, kí ó tó kó o lọ sí Agége ní 1955. Dípò kí ọmọ jókòó sórí ẹní pẹ̀lú wàláà kí àáfà sì máa kọ́ oníkálukú ní tirẹ̀, ó gbé pátákó ìkọ̀wé wọlé, ó to bẹ́ǹṣì, ó pín ọmọ sí kíláàsì, ó fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí. Àwọn àáfà àgbà kò gba irú rẹ̀ wọlé. Lójú wọn, ìlànà ilé ìwé onígbàgbọ́ ni. Lónìí, ẹ fi ilé kéú ńlá kan hàn mí láti Láfẹ́ńwá dé Oǹíkólóbó tí kò ní pátákó ìkọ̀wé.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wá le jù ni inú ilé wa. Nínú tafsírì Àwẹ̀ kan tí mo jókòó sí, wọ́n ń gba ìbéèrè lórí bébà. Bébà kan tí wọ́n ya nínú ìwé ọmọ ilé ìwé kọjá lọ́wọ́ mi kí n tó nà án síwájú, lẹ́tà rẹ̀ rọra tẹ̀ bí ti ọmọbìnrin: “Bàbá wa fi ìyàwó mẹ́ta sílẹ̀. Ìyálé bí mẹ́fà, tọkùnrin tobìnrin, èkejì bí mẹ́rin, èmi nìkan ni ìyá mi bí. Ẹbí pín ilé àti ilẹ̀ ní ìdí-igi, ọgbọọgba fún ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́ àáfà, ṣé ohun tó kàn mí tọ́ sí mi?” Àáfà kà á sínú, ó ká a, ó fi sínú àpò agbádá, ó mú èyí tó tẹ̀lé e, ìyẹn sì jẹ́ lórí ẹni tó gbàgbé tó mu omi nígbà tó ń gbààwẹ̀. Mo mọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wa tó ń pariwo lórí mínbárì pé àwọn alátùn-únṣe fẹ́ yí òfin Ọlọ́hun padà, ìdí-igi ni wọ́n fi pín ogún bàbá tiwọn, kò sì sí ẹni tó pè é ní bídíà.

Èyí kò sọ gbogbo nǹkan di ohun tí a ń jiyàn lé. Jíjẹ́ Ọlọ́hun ní Ọ̀kan, ìrun márùn-ún, sàká, ààwẹ̀, Háàjì, jíjẹ́ tí Muhammad jẹ́ òpin àwọn Ànábì: ẹni tó bá wọ inú ìwọ̀nyí pẹ̀lú àáké ti ń wó ilé, kì í ṣe pé ó ń tún un ṣe. Ẹni tí kò lè ka àáyà kan ní Lárúbáwá, tí kò mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ti sọ lórí rẹ̀, tó kàn ń wá ohun tí àwọn òyìnbó yóò fi yìn ín, kí ó kọ́kọ́ jókòó kàwé. Ṣùgbọ́n ìgbà tí oṣù bá lé, owó èlé báńkì, fífún aláìsàn ní ẹ̀yà ara ẹlòmíràn, àyè obìnrin nínú mọ́sáláṣí àti nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀, ìwọ̀nyí ni ìjíròrò wà fún, Ànábì sì ti ní adájọ́ tó bá sa ipá rẹ̀ tó ṣì í yóò gba ẹ̀san kan, èyí tó bá ṣe déédéé yóò gba méjì.

Nígbà tí àwọn Khawarij, àwọn ọmọ ogun kan, yapa kúrò lọ́dọ̀ Kálífà Ali tí wọ́n sì kóra jọ sí Harura ní Iraq, Ibn Abbas, ìbátan Ànábì, nìkan ló tọ̀ wọ́n lọ. Ẹ̀wù rẹ̀ tó dára ni wọ́n kọ́kọ́ bá a wí lé lórí, ó sì fi Al-Kùránì dá wọn lóhùn. Ó wá bi wọ́n ní ẹ̀sùn tí wọ́n ní sí Ali. Wọ́n ka mẹ́ta sílẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n kà á tán, ó sì ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ó bá ti dáhùn ọ̀kan tán, á bi wọ́n pé ṣé òun ti bọ́ nínú ìyẹn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn bá a padà lọ́jọ́ náà. Àwọn tó kù, ìgbà tí wọ́n ta ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sílẹ̀ ni Ali tó fi idà pàdé wọn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a yọ bébà ọmọbìnrin yẹn kúrò nínú àpò agbádá. Ohun tí mo mọ̀ láti inú Súrà kẹrin, àáyà 11 àti 12, ni pé bí a bá ti san gbèsè olóògbé, tí a sì ti mú àsọsílẹ̀ rẹ̀ ṣẹ, ìyàwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jọ pín ìdá kan nínú mẹ́jọ. Bí bàbá àti ìyá olóògbé kò bá sí láyé mọ́, gbogbo ìyókù di ti àwọn ọmọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá, ọkùnrin yóò gba ìlọ́po méjì ti obìnrin, a kò ní wo inú ìyá tí oníkálukú ti jáde. Ohun tó bá lé lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà ju ìyẹn lọ, ti àwọn ajogún bàbá rẹ̀ yòókù ni. Bí wọ́n bá ti bàlágà, tí wọ́n mọ ìpín wọn, tí wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún un tinútinú, ó ti di tirẹ̀; ìpín ọmọ kékeré kò ṣeé yọ̀ǹda. Ibi tí iyàn wà ni bóyá ìdákẹ́ wọn níbi ìpàdé ẹbí tó ohun tí a lè pè ní ìyọ̀ǹda. Èmi ní kò tó, nítorí ẹni tí kò mọ ohun tó tọ́ sí i kò lè sọ pé òun fi í sílẹ̀. Mo mọ àwọn àáfà ní Abẹ́òkúta níbí tí kò ní gbà pẹ̀lú mi. Kí wọ́n kọ ẹ̀rí tiwọn sílẹ̀, a ó jọ kà á.