Yugosláfíà tí gbogbo wa fi ń jiyàn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ lónìí, kò sí àlejò. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń bi mí pé kí ni mo ń wá kiri ní gbogbo ìgbà ooru tí ẹ ń rí fọ́tò òkè àti odò lójú Instagram mi. Iṣẹ́ ló gbé mi lọ. Ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Maryland ló rán mi lọ sí Belgrade, olú ìlú Sérbíà, ọ̀kan lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Yugosláfíà àtijọ́ pín sí. Láti Mọ́ńdè, ọ́fíìsì. Tó bá di ọ̀sán Fúráìdè, mo ti gbé báàgì kọ́ èjìká, ó di ibùdó bọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin náà mọ ìpàdé wa. Bí a bá ti jẹun tán, ọ̀rọ̀ Nàìjíríà á bẹ̀rẹ̀: ká pín, ká má pín. Kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi nàró, á ní, "Ṣé Yugosláfíà ò pín ni? Ṣé wọ́n kú?" Ẹlòmíì á dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Wọ́n kú o! Ẹ ò rántí Bósníà ni?" Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ orúkọ ìlú yìí lẹ́nu àwọn bọ̀dá wa, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì rí ọ̀kan nínú wọn tó débẹ̀ rí. Èmi dé ibẹ̀, mo sì pinnu pé màá wò ó dáadáa.

Ohun tí màá kọ́kọ́ sọ ni ti ẹnubodè, nítorí ẹnubodè ló ń jẹ òpin ọ̀sẹ̀ èèyàn níbẹ̀. Yugosláfíà tó jẹ́ orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ló di méje, bí ẹ bá ka Kósófò mọ́ ọn. Sérbíà ò kà á. Gíríìnì káàdì Amẹ́ríkà tí mo gbé dání jẹ́ kí n wọ Sérbíà, Bósníà àti Montenẹ́grò láìgba físà. Kroatíà ní tiẹ̀ ti wọ Schengen, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan, láti oṣù kìíní 2023, físà tiwọn lọ́tọ̀ ni. Mi ò sì gbàgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà méjì tó lọ gbá tẹníìsì orí tábìlì ní Pula ní 2019. Físà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ọlọ́pàá mú àwọn ní Zagreb, ó gbé àwọn lọ sí ẹnubodè, ó sì fipá lé àwọn wọ Bósníà. Ọlọ́pàá Kroatíà ní kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi ò tilẹ̀ sún mọ́ ọ̀nà ibẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, kọ̀ndọ́ ló máa gba pásípọ́ọ̀tù gbogbo èrò, á kó wọn fún ọlọ́pàá, ẹ ó sì máa gbọ́ òǹtẹ̀: pá, pá, pá. Lẹ́yìn náà, ojú á dá. Gbogbo bọ́ọ̀sì mọ̀ pé ó ti kan pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé tèmi. Lálẹ́ ọjọ́ kan, màmá àgbà kan tó jókòó tì mí gé burek rẹ̀ sí méjì, ó fún mi ní apá kan, ó ní kí n máa jẹ, wọ́n á dá a padà. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń túmọ̀. Màmá ní àwọn ò kúrò nínú ilé àwọn ní Belgrade rí, síbẹ̀ orúkọ tó wà lára pásípọ́ọ̀tù àwọn ń yí padà ṣáá: Yugosláfíà ńlá, Yugosláfíà kékeré ti 1992, Sérbíà òun Montenẹ́grò ní 2003, Sérbíà nìkan ní 2006. Wọ́n ń sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Èmi ò mọ̀ bóyá kí n bá wọn rẹ́rìn-ín.

Sarajevo, olú ìlú Bósníà, lẹ́nu mi ti wọlẹ̀. Inú àfonífojì ni ìlú náà wà, òkè yí i ká, orí àwọn òkè yẹn ni àwọn ológun Sérbù ti Bósníà sì ti ń yìnbọn sínú ìlú láti oṣù kẹrin 1992 títí di oṣù kejì 1996. Ní 1984, Òlíńpíìkì ìgbà òtútù wáyé níbẹ̀. Ọdún mẹ́jọ péré lẹ́yìn náà, òkè Trebević tí wọ́n ti sáré orí yìnyín di ibùba àwọn tó ń yin àgbá. Mo wọ ọkọ̀ tó ń gba orí wáyà gun òkè náà, mo wolẹ̀, mo rí i pé kò sí ilé kan tí ojú ò tó. Ibẹ̀ ló ti yé mi.

Ní ìsàlẹ̀, ibi tí àdó olóró ti gbẹ́ títì, tó pa èèyàn, wọ́n da ọ̀dà pupa sínú àpá rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní òdòdó Sarajevo. Mo ń wá ibi tí mo ti máa jẹ ćevapi ni mo ṣàdédé rí i pé mo ti tẹ ọ̀kan. Mo yẹ ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú kì í yẹ ẹsẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ. Nígbà tó pé ogún ọdún tí ogun bẹ̀rẹ̀, ní 2012, wọ́n to àga pupa 11,541 sí òpópónà Tito, àga kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó kú, àga kéékèèké fún àwọn ọmọdé. Mo ronú nípa tiwa. Orè ni àwọn ọmọ ogun Biafra dé ní 1967. Kí la fi ṣe? Àṣà ẹnu: "Ó le kú, ìjà Orè!" A ń fi rẹ́rìn-ín. Ní Orè tí bọ́ọ̀sì wa máa ń dúró, ẹ̀bà àti ẹran ìgbẹ́ nìkan ni mo mọ̀ níbẹ̀.

Mostar, ìlú mìíràn ní Bósníà, ńkọ́? Afárá wọn dára, 1566 ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n fi àgbá wó o ní 1993, wọ́n tún un kọ́, wọ́n ṣí i ní 2004. Èrò pọ̀ jù. Mo jẹun, mo kúrò.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú ìrìn àjò kan ṣoṣo, rélùwéè Belgrade sí Bar ni màá mú. Tito, ààrẹ Yugosláfíà, fúnra rẹ̀ ló ṣí i ní 1976: kìlómítà 476, ihò inú òkè 254, títí ẹ fi máa já sí etíkun Montenẹ́grò. Ó lé ní wákàtí mẹ́wàá. Ẹ ó wọ inú òkùnkùn, ẹ ó jáde sórí afárá, àyà yín á já, ẹ ó tún wọ òkùnkùn. Nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà náà, orílẹ̀-èdè kan ni gbogbo ilẹ̀ yẹn, nítorí náà wọ́n jẹ́ kó gba inú Bósníà kọjá díẹ̀. Ó ṣì ń gba ibẹ̀ títí dòní, ẹnikẹ́ni ò bèèrè ìwé. Ibùdó kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Štrpci. Ní oṣù kejì 1993, àwọn ológun kan dá ọkọ̀ náà dúró, wọ́n yẹ ìwé àwọn èrò wò, wọ́n sọ nǹkan bí ogún èèyàn kalẹ̀, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì pa wọ́n. Orúkọ tó wà nínú ìwé ni wọ́n wò. Èmi tí bàbá mi ń kírun, tí ìyá mi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwa ọmọ pín ara wa sí méjèèjì bó ṣe wù wá, mo jókòó sídìí fèrèsé, mo ń ka orúkọ àwọn àbúrò mi lọ́kàn, ta ni wọn ì bá sọ kalẹ̀, ta ni wọn ì bá fi sílẹ̀.

Ọ̀gá kan tó ti ń lọ lọ́jọ́ orí wà ní ọ́fíìsì Belgrade. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ Èkó ni mí, ó ní bàbá òun bá Energoprojekt, ilé iṣẹ́ ìkọ́lé kan ní Yugosláfíà, lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó láyé ọjọ́un. Iṣẹ́ wo? Kíkọ́ Trade Fair, ọgbà ìpàtẹ ọjà ńlá ní Òjó! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ọ̀nà Badagry rí, ẹ ti gbọ́ ọ: "Trade Fair, Volks, Ìyànà Ìbà, ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Ọmọ Satellite Town ni mí, mi ò sì bèèrè rí pé ta ló kọ́ ọ. Òyìnbó ni lọ́kàn mi, ó tán. Àṣé ará Belgrade tó ń jẹ́ Zoran Bojović ló ya àwòrán rẹ̀, ọdún FESTAC gan-an, 1977, ni wọ́n sì ṣí i.

Ẹ bá mi ro 1977 wò. Nàìjíríà jáde nínú ogun abẹ́lé, kò tíì tó ọdún mẹ́wàá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa Murtala ní ọdún tó ṣáájú. Yugosláfíà ní tiẹ̀, ilé ló ń bá ẹlòmíì kọ́. Ká ní èèyàn dúró nídìí iṣẹ́ yẹn ní Òjó, tó bèèrè pé èwo nínú àwọn méjèèjì ni kò ní sí mọ́ ní ogún ọdún sí i, ta ni ì bá dárúkọ Yugosláfíà? Tito kú ní 1980. Ní oṣù kẹfà 1991, Slofẹ́níà àti Kroatíà ní àwọn ti lọ.

Àwọn bọ̀dá wa tó ń fi í jiyàn, oníkálukú gé ibi tó wù ú mú. Ẹni tó ní ó rọrùn, Slofẹ́níà ló ń sọ, ọjọ́ mẹ́wàá ni ogun tiwọn. Tàbí Montenẹ́grò tó dìbò ní 2006: wọ́n ní kí ó tó 55 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n rí 55.5, wọ́n lọ, ìbọn kan ò dún. Ẹni tó ní ikú ni, Bósníà ló ń sọ. Àwọn ará Slofẹ́níà fúnra wọn ló pọ̀ jù ní ilẹ̀ wọn. Ní Bósníà, wọ́n ti fẹ́ ara wọn, ilé kangun sílé, ibẹ̀ lẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí jù. Èyí ni kì í jẹ́ kí n lè pariwo nípàdé mọ́, nítorí Èkó kì í ṣe Slofẹ́níà. Ní Trade Fair tí mo ń sọ yìí, Ìgbò ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tajà. Àwọn ọmọ wọn bá mi lọ sílé ìwé, àwọn kan nínú wọn sì ń sọ Yorùbá tó dùn ju tèmi lọ. Mo sọ báyìí fún bọ̀dá kan, ó ní mo ti di "One Nigeria". Mi ò di nǹkan kan o. Mo kàn fẹ́ kẹ́ni tó bá tún máa dárúkọ Yugosláfíà sọ fún mi pé apá ibo ló ní lọ́kàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bèèrè nípa físà, ẹ wo òfin ìlú kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa ń yí i padà. Montenẹ́grò ń ná yúrò bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú EU. Dínárì ni ti Sérbíà, Bósníà ní máàkì tirẹ̀. Tàtàṣé pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń sun ún, wọ́n ń lọ̀ ọ́ di ajvar, ó dùn, ṣùgbọ́n kò ta rárá. Ẹ gbé ata yín dání.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan. Bí bàbá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá bá àwọn ará Yugosláfíà ṣiṣẹ́ ní Trade Fair, bíríkìlà ni o, dírẹ́bà ni o, ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n jọ ń jẹ, èdè tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àti ohun tó wá sí wọn lọ́kàn nígbà tí rédíò ń sọ̀rọ̀ ogun ibẹ̀. Bàbá ọ̀gá yẹn ṣì wà láyé ní Belgrade, ó ní òun náà ń retí ohùn yín.