Ta Ni Yóò Dìde Bu Omi?

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú òwúrọ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó jí wa sáyé lónìí. Ẹ jẹ́ kí a ṣí Bíbélì wa sí Ìhìn Rere Jòhánù orí 13, kí a kà á láti ẹsẹ 1 títí dé ẹsẹ 17.

Sálúbàtà ni àwọn ènìyàn ìgbà náà ń wọ̀ rìn ní ọ̀nà eléruku, nítorí náà bí àlejò bá wọlé, ẹrú tàbí ìránṣẹ́ ilé ni í wẹ ẹsẹ̀ fún un. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ikú Olúwa wa, oúnjẹ ti wà nílẹ̀, àwọn àpọ́sítélì sì ti jókòó tì í. Lúùkù jẹ́ kí a mọ̀ ní orí 22 pé ìdí oúnjẹ yìí gan-an ni wọ́n ti ń jiyàn lórí ẹni tí ó ga jù láàrin wọn. Ta ni yóò wá dìde bu omi nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan àwokòtò ti gbà nìyẹn pé òun ni àbúrò gbogbo wọn.

Jésù ni ó dìde. Ó bọ́ aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀, ó sán aṣọ ìnura mọ́ ìdí, ó bu omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ ẹsẹ̀ wọn. A sábà máa ń sáré fo ẹsẹ 3, bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Jòhánù ní Jésù mọ̀ pé Baba ti fi ohun gbogbo lé òun lọ́wọ́, àti pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni òun ti wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni òun sì ń padà lọ. Pẹ̀lú ìmọ̀ yìí nínú rẹ̀ ni ó fi dìde. Ọwọ́ tí a kó ohun gbogbo lé ni ó ń fọ eruku kúrò láàrin ọmọ ìka ẹsẹ̀ apẹja. Èyí ni mo ṣe gbà pé ìrẹ̀lẹ̀ kì í ṣe kí ènìyàn máa fẹnu tẹ́ ara rẹ̀ láàrin àwùjọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lọ́dọ̀ Baba ni kò ní í bẹ̀rù pé iṣẹ́ ìránṣẹ́ yóò dín òun kù.

Júdásì, àpọ́sítélì tí yóò da Jésù, sì wà níbẹ̀. Ó di ẹsẹ 30 kí ó tó jáde sínú òru, nítorí náà ẹsẹ̀ àwọn àpọ́sítélì méjèèjìlá, ẹsẹ̀ mẹ́rìnlélógún, ni Olúwa wẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó mọ ẹni tí yóò da òun, Jòhánù sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí níbì kan tí ó ti kọ ọ́ pé ó fo ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ tí Jésù ṣẹ̀ṣẹ̀ nù gbẹ ni Júdásì fi rìn lọ bá àwọn tí yóò wá mú un. Àwa ńkọ́, tí a máa ń jáwọ́ nínú oore nítorí pé ẹni tí a ṣe é fún kò kí wa ní ọjọ́ kejì?

Mo rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo dúró to àga lẹ́yìn ìpàdé àdúrà. Mi ò tíì to ju mẹ́ta lọ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wọn nílẹ̀ kí wọ́n lè pariwo, kí olùṣọ́-àgùntàn tí ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà lè bojú wẹ̀yìn. Kò bojú wẹ̀yìn, inú sì bí mi. Ìyá àgbà kan wà lẹ́yìn ilé ní gbogbo àkókò náà, ó ń fọ ife tí gbogbo wa fi mu omi. Díẹ̀ ló kù kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀.

Ti Pétérù náà kò gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wa. Ó ní Jésù kò ní í wẹ ẹsẹ̀ òun láé, ó sì jọ ìrẹ̀lẹ̀, àmọ́ Olúwa sọ fún un pé bí òun kò bá wẹ̀ ẹ́, kò ní ìpín lọ́dọ̀ òun. Àwọn kan wà nínú wa tí ó ń ran gbogbo ayé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí àìsàn bá dá wọn dùbúlẹ̀, wọn kò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ìgbéraga ni èyí náà.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà.

Baba wa ọ̀run, a dúpẹ́ pé o kò ka ẹsẹ̀ wa sí ohun ìríra. Dárí jì wá fún gbogbo iṣẹ́ tí a fi orúkọ rẹ ṣe, tí ó sì jẹ́ pé ojú ènìyàn ni a ń wá.

Jésù Olúwa, ìwọ tí o wẹ ẹsẹ̀ Júdásì, fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti sin ẹni tí ó ṣẹ̀ wá, àní ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń wá sí wa lọ́kàn bí a ti ń gbàdúrà yìí.

Ẹ̀mí Mímọ́, ṣí ojú wa lónìí sí iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń yẹ̀ sílẹ̀, nínú ilé wa, níbi iṣẹ́ wa àti nínú ìjọ. Rántí àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí ojú kò tó, kí o sì tu àárẹ̀ wọn lára. Kọ́ wa láti gba ìrànlọ́wọ́ nígbà tí agbára wa bá pin.

Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa ni a gbàdúrà. Àmín.