Àwọn Atọ́kùn Tó Tẹrí Sábẹ́ Tábìlì

BÙKỌ́LÁ: Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé tó wà lókè òkun. Ẹ̀gbọ́n Dáre, ọ̀rọ̀ ọmọ Hong Kong yẹn lẹ ṣèlérí fún wa lónìí.

DÁRE: Blitzchung lorúkọ tó ń fi ta géèmù. Oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ni. Ó kópa nínú ìdíje Hearthstone, géèmù orí kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ Blizzard ṣe, wọ́n wá ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí afẹ́fẹ́. Ó wọ ìbòjú táwọn èèyàn fi ń sá fún tajútajú nígboro Hong Kong, níbi tí wọ́n ti ń wọ́de lòdì sí ìjọba ibẹ̀ àti agbára Ṣáínà lórí wọn, ó sì kígbe pé kí wọ́n dá Hong Kong sílẹ̀.

BÙKỌ́LÁ: Mo wo fídíò yẹn. Àwọn atọ́kùn méjì tẹrí sábẹ́ tábìlì kí kámẹ́rà má baà rójú wọn. Ìyẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

DÁRE: Orí tí wọ́n tẹ̀ ò sì gbà wọ́n. Blizzard lé wọn, ó fòfin de ọmọ náà fún ọdún kan, ó tún gba owó ìdíje lọ́wọ́ rẹ̀.

BÙKỌ́LÁ: Owó tó fi làágùn! Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ti burú jù.

DÁRE: Wọ́n ní òfin ìdíje ló rú. Ṣùgbọ́n ọjà ńlá ni Ṣáínà jẹ́ fún wọn, Tencent, ilé iṣẹ́ Ṣáínà kan, sì ní nǹkan bíi 5% nígbà yẹn nínú Activision Blizzard, ilé iṣẹ́ tó ni Blizzard. Làwọn èèyàn bá kẹ̀yìn sí géèmù wọn, wọ́n ń pa àkáǹtì rẹ́. Ní Irvine, ní California, àwọn òṣìṣẹ́ fi bébà bo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́bàá ère tó wà ní ọgbà wọn: gbogbo ohùn ló ṣe pàtàkì.

BÙKỌ́LÁ: Àwọn tó ń gbowó oṣù níbẹ̀! Orí mi wú.

DÁRE: Rubio àti Ocasio-Cortez, aṣòfin Amẹ́ríkà méjì nígbà náà tọ́rọ̀ wọn kì í sábà ṣe ọ̀kan, jọ fọwọ́ sí lẹ́tà kan náà sí Activision Blizzard láti ta ko ìyà yẹn. Kó tó di ìgbà yẹn gan-an, Blizzard ti dá owó padà, ó sì sọ ọdún kan di oṣù mẹ́fà. Ní BlizzCon, àpéjọ Blizzard, lóṣù Kọkànlá, ọ̀gá wọn nígbà náà, J. Allen Brack, tọrọ àforíjì, ó ní àwọn yára dájọ́ jù.

BÙKỌ́LÁ: Oṣù mẹ́fà yẹn ńkọ́?

DÁRE: Wọn ò mú un kúrò.

BÙKỌ́LÁ: Ẹ wá rí i! Àforíjì wo nìyẹn?

DÁRE: Àbúrò, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ká ní àwọn oníbàárà ò bínú, ọdún kan gbáko ni, láìsí kọ́bọ̀.

BÙKỌ́LÁ: Mo gbà yẹn. Àwọn atọ́kùn wá ńkọ́?

DÁRE: Wọ́n sọ lílé tí wọ́n lé àwọn náà di oṣù mẹ́fà.

BÙKỌ́LÁ: Ọ̀rọ̀ tí kò tẹnu wọn jáde.